Bí Mo Ṣe Bí Ìbùkún Gan-an

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run o, ẹ̀yin ará! Ẹ má tíì jókòó, ẹ tún pàtẹ́wọ́ kan sí i fún Un. Ó ṣeun, ó ṣeun, ó ṣeun. Ẹ lè jókòó báyìí, nítorí ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Pásítọ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo ní. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà," ṣùgbọ́n èmi àti Ọlọ́run ti jọ mọ̀ pé ìṣẹ́jú márùn-ún ò lè gbà á.

Orúkọ mi ni Fúnmiláyọ̀, ìyá Ìbùkún. Pópó Àgùdà ni à ń gbé, nínú ilé tí bàbá bàbá ọkọ mi kọ́, ilé olókè kan báyìí tó ní fèrèsé onígi gbàgàdà. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí lọ́dún tó kọjá á rántí pé mo ti dúró síbí yìí rí pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, tí mo jẹ́rìí pé mo bímọ bí àwọn obìnrin Hébérù. Mo ní kí agbẹ̀bí tó wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ tán, ọmọ ti dé. Mo ní ńṣe ló yọ̀ jáde bí ọṣẹ tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Ẹ̀yin náà pariwo Halelúyà títí àjà fi ń mì.

Ẹ̀yin ará, irọ́ ni.

Ẹ má ṣe báyẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán! Irọ́ ni mo pa níwájú Ọlọ́run àti níwájú yín. Ohun tó fà á ni pé arábìnrin tó jẹ́rìí ṣáájú mi lọ́jọ́ náà ní inú mọ́tò lòun bímọ sí lórí afárá, pé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí Apọ́ngbọ̀n ọmọ ti ń mu ọyàn. Kí lèmi wá fẹ́ sọ lẹ́yìn ìyẹn? Ojú ogun ni mo ti ń bọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì fẹ́ gbọ́ ìròyìn ogun lọ́jọ́ ìdúpẹ́. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ báyìí, arábìnrin kan tó wà nínú oyún sáré tọ̀ mí wá, ó ní kí n gbé ọwọ́ lé ikùn òun kí òun náà lè bí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ará, mo gbé ọwọ́ lé e! Mo tún dijú, mo ní, "Gbà á!" Arábìnrin náà wà níbí, mò ń rí i, ó ń wò mí. Sìsítà mi, ẹ forí jì mí. Mo gbọ́ pé ọjọ́ méjì àbọ̀ lẹ fi rọbí.

Ó dáa. Bó ṣe rí gan-an nìyí.

Ọsibítù kan ni, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Mo wọbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun pẹ̀lú báàgì tí mo ti dì sílẹ̀ láti oṣù méjì. Bíbélì wà níbẹ̀, aṣọ ọmọ wà níbẹ̀, mo tún kó àtíkè àti tìróò sí i nítorí fọ́tò. Tìróò! Mo rọbí títí ilẹ̀ fi ṣú, mo rọbí títí ilẹ̀ fi mọ́. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, ẹ̀rọ kan tí wọ́n so mọ́ mi níkùn láti máa gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan wo ẹ̀rọ, ó wo nọ́ọ̀sì kejì, wọn ò wo èmi. Kí n tó bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n ti gbé mi sórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà, wọ́n ti ń sáré tì mí lọ. Ọ̀kan nínú àwọn táyà yẹn ò rí epo rí láyé rẹ̀. Kín-ìn, kín-ìn, kín-ìn. Ohun tí mo gbọ́ kẹ́yìn nìyẹn kí wọ́n tó fi nǹkan bo imú mi. Mò ń pe ọkọ mi, "Lékan! Lékan!" Mi ò tiẹ̀ rántí pé ìyàwó kì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ níta. Kò dáhùn. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ó ti lọ gbé mọ́tò kúrò níbi tó páàkì sí, torí ó ti ń ráhùn nípa mọ́tò yẹn látàárọ̀.

Nígbà tí mo jí, kò sí oyún, kò sí ọmọ. Wọ́n ti là mí, wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni sí mi lára. Mo bi ẹni tó kọ́kọ́ wọlé pé ọmọ mi dà, ó ní dókítà ń bọ̀. Mo bi ẹnì kejì, ó ní kí n sinmi. Ẹ̀yin ìyá, tí wọ́n bá ní kí ẹ sinmi, tí wọn ò gbé ọmọ wá, kí lẹ máa rò? Mo ti sọ ọmọ náà lórúkọ nínú ọkàn mi, mo sì ti sin ín. Obìnrin kan tó ń nu ilẹ̀ ló wá sọ fún mi. Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Màdáámù, ọmọbìnrin yín tó wà lọ́hùn-ún yẹn, ẹ bá a sọ̀rọ̀ o, igbe rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di gbogbo wa létí." Bí mo ṣe mọ̀ pé ọmọ mi wà láàyè nìyẹn. Ibi yòówù kí obìnrin náà wà lónìí, kí Ọlọ́run bù kún un.

Wọ́n gbé wa délé. Gbogbo Pópó ń kí mi, "Ẹ kú ewu o, ẹ kú ọwọ́ lómi." Ewu tí wọ́n ń kí mi yìí, ẹnì kan ṣoṣo ò bi mí bó ṣe rí. Wọ́n á gun àtẹ̀gùn wá, wọ́n á gba ọmọ lọ́wọ́ mi, wọ́n á wo etí rẹ̀ bóyá ó máa dúdú, wọ́n á jẹ ìrẹsì, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á lọ. Èmi á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹrù tí ẹnì kan gbàgbé síbẹ̀.

Ìyá ọkọ mi wá tọ́jú mi. Ìjọ Àgùdà ni wọ́n ń lọ, èèyàn dáadáa ni wọ́n, ṣùgbọ́n omi tí wọ́n fi ń jó mi, adìẹ kankan ò ní bọ́ sínú rẹ̀ kí ìyẹ́ rẹ̀ má re. Tí mo bá sunkún, wọ́n á ní, "Ìwọ nìkan kọ́ ló bímọ, ìyàwó mi. Márùn-ún lèmi bí, mo sì ń gúnyán lọ́jọ́ kejì." Ọkọ mi ńkọ́? Tí mo bá ní ká sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ yẹn, á ní ká gbàdúrà. Tí a bá ti ṣe àmín báyìí, ó ti wọ bàtà, ó di ibi iṣẹ́ ní Ìkòyí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń tì mí lójú jù. Mi ò mọ ọmọ náà sí ọmọ mi. Mò ń fún un lọ́yàn, mò ń pààrọ̀ nápìkín rẹ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ló dà bí pé aládùúgbò kan ló ní kí n bá òun dì í mú, òun ń bọ̀. Nígbà míì tí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, màá sọ nínú ọkàn mi pé ìyá rẹ̀ ti dé nìyẹn.

Mẹ́ruwà kan wá wà ládùúgbò wa, Sánúsí, tó máa ń ti kẹ́ẹ̀gì omi kọjá lábẹ́ fèrèsé wa láràárọ̀. Táyà ọmọlanke rẹ̀ ń ṣe kín-ìn, kín-ìn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mi ò mọ ìgbà tí mo dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo dojú bolẹ̀. Mọ̀mí, ìyá ọkọ mi, wọlé, wọ́n rò pé àdúrà ni mò ń gbà. Inú wọn dùn! Wọ́n kúnlẹ̀ tì mí, wọ́n mú ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà wọn, a sì jọ wà níbẹ̀ títí wọ́n fi ka gbogbo rẹ̀ tán. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ káàkiri pé ìyàwó àwọn, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ti máa ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀.

Òótọ́ ni pé mò ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo ní, "Olúwa, rán áńgẹ́lì kan sí mi. Ẹyọ kan péré. Mi ò ní kó ní ìyẹ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo gbọ́ kín-ìn láti ọ̀nà jíjìn, mo sáré gba ilé ìdáná kọjá, mo fa ìgò òróró tó kọ́kọ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo sì já sí àtẹ̀gùn. Ìgò tí mo fà, pásítọ̀, ẹ má bínú, òróró ìyàsímímọ́ tí ẹ gbàdúrà sí fún wa ni. Aṣọ ìsùn ni mo wọ̀, irun mi dúró ṣánṣán, ọyàn kan wà nínú aṣọ, èkejì ti jáde wá wo ìlú. Mò ń pariwo, "Dúró! Dúró kí n ta òróró sí i!"

Sánúsí wo ẹ̀yìn. Ó rí mi, ó rí ìgò. Ó ní "Wáyyò Állà!" ó fi ọmọlanke sílẹ̀, ó fi omi sílẹ̀, ó fi bàtà kan sílẹ̀, ó sá lọ. Títí dòní, tó bá rí mi lápá ọ̀tún, apá òsì ló máa gbà.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú títì. Mò ń da òróró sí táyà, mò ń sunkún, mò ń da òróró sí i. Àwọn èèyàn ti pé jọ. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ní kí wọ́n lọ wá okùn.

Ibẹ̀ ni Alhaja ti jáde sí mi.

Alhaja, ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, àwọn ló gba ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ilé wa, wọ́n ń ta òwú, bọ́tìnì àti síìpù fún àwọn télọ̀. Ká sọ òótọ́, a ò ṣọ̀rẹ́. Nígbà tí mo wà nínú oyún, mo máa ń ki ìwé ìyìnrere sábẹ́ ilẹ̀kùn wọn kí wọ́n lè ronú pìwà dà. Wọ́n ń fi pọ́n bọ́tìnì fún oníbàárà. Èmi fúnra mi ra bọ́tìnì nígbà kan, wọ́n fi "Níbo Lo Ti Máa Lo Ayérayé?" pọ́n ọn fún mi.

Wọn ò bi mí pé kí ló dé. Wọ́n tú ìbòrí èjìká wọn, wọ́n fi bò mí láyà, wọ́n wá kọjú sí èrò. "Kí lẹ ń wò? Ẹ ò rí ẹni tó ń fi epo sí táyà rí?" Wọ́n fà mí wọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fa ilẹ̀kùn sílẹ̀ dé ìdajì, wọ́n po tíì tó ní mílíìkì púpọ̀ fún mi. Wọ́n jókòó síwájú mi.

"Fúnmi, báwo lo ṣe bímọ?"

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní bí àwọn obìnrin Hébérù ni, mo ní kí agbẹ̀bí tó wọ ìbọ̀wọ́—

"Ìyẹn ti ṣọ́ọ̀ṣì," ni Alhaja wí. "Mo ní báwo lo ṣe bímọ?"

Ẹ̀yin ará, gbogbo rẹ̀ tú jáde. Bẹ́ẹ̀dì, táyà, Lékan tí kò dáhùn, ọmọ tí mo sin tí kò kú. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, télọ̀ kan tẹ̀ ba gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó ní òun fẹ́ síìpù dúdú méjìlá. Alhaja ní kò sí. Ọkùnrin náà ní, "Alhaja, òun nìyẹn lórí pákó yẹn." Alhaja ní, "Mo ní kò sí!" Ẹ gbọ́ mi o! Ọmọ Ìjẹ̀bú lé oníbàárà jáde nínú ṣọ́ọ̀bù! Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọwọ́ Ọlọ́run wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, wọn ò ní kí n dákẹ́, wọn ò ní kí n dúpẹ́ pé ọmọ wà láàyè. Wọ́n kàn ń fi ọwọ́ pa mí lẹ́yìn. Wọ́n wá sọ tiwọn. Wọ́n ní lórí ọmọ wọn kejì, ẹ̀jẹ̀ dà lára àwọn títí àwọn ò fi mọ ayé tí àwọn wà mọ́, pé ọdún kan gbáko làwọn fi tọ́ ọmọ náà bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹrù ẹlẹ́rù. "Ìyá mi ní wọ́n ti fi nǹkan ṣe mí. Wọ́n gbé mi kiri. Kò sẹ́ni tó jókòó tì mí. Ọmọ yẹn ti ní ọmọ tirẹ̀ báyìí, Fúnmi, síbẹ̀ ó ṣì ń dùn mí tí mo bá rántí ọdún yẹn." Alhaja fi etí aṣọ nu ojú. Wọ́n ní, "Mu tíì ẹ. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, èmi ló máa sìn ọ́ lọ síbi abẹ́rẹ́ ọmọ. Mo mọ nọ́ọ̀sì kan níbẹ̀, oníbàárà mi ni, ó létí."

Ọjọ́bọ̀ pé, a lọ sí ilé ìlera. Nọ́ọ̀sì àgbà yẹn gún Ìbùkún lábẹ́rẹ́, wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì, wọ́n wá gbójú sókè, wọ́n ní, "Ìyá ńkọ́? Ẹ̀yin fúnra yín, báwo ni?" Mo bú sẹ́kún. Igbe mi borí ti gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀. Ìyá kan lẹ́yìn mi gbé ọmọ rẹ̀, ó fẹ́ máa lọ sílé, ó ní abẹ́rẹ́ tó ń ṣe ìyá ọmọ báyìí, òun ò ṣe.

Nọ́ọ̀sì jókòó tì mí. Wọ́n ní kì í ṣe èpè, kì í ṣe pé ìgbàgbọ́ mi kéré. Wọ́n ní ọgbẹ́ ni, pé ti ikùn mi ló ti jiná, ti ọkàn mi ò tíì jiná, wọ́n sì ti rí i lára obìnrin tó pọ̀. Wọ́n fún mi ní ìwé sí dókítà tó ń rí sí irú rẹ̀, wọ́n sì ní àwọn ìyá kan ń jókòó pọ̀ lọ́sàn-án Ọjọ́rú nínú yàrá ẹ̀yìn, kí n máa bọ̀.

Nígbà tí Mọ̀mí gbọ́ dókítà ọkàn, wọ́n ká ọwọ́ lérí. "Ilé wèrè Yábàá ni wọ́n fẹ́ gbé ìyàwó mi lọ?" Alhaja gun àtẹ̀gùn lọ bá wọn. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mi ò mọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ títí dòní, ṣùgbọ́n nígbà tí Mọ̀mí jáde, ojú wọn pọ́n. Wọ́n ní, "Fúnmi, omi ọ̀la máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni." Láti ọjọ́ kejì ni wọ́n ti gbé àga sórí àtẹ̀gùn bí ọlọ́pàá. "Ìyá ọmọ ń sùn. Ẹ gbé oúnjẹ kalẹ̀, ẹ kú iṣẹ́." Wọ́n dá ìyàwó bíṣọ́ọ̀bù kan padà, ẹ̀yin ará. Wọ́n gba kúlà rẹ̀, wọ́n dá a padà.

Mo rí dókítà, mo lo oògùn tó fún mi, mo sì ń lọ lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Ìyá mẹ́fà ni wá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ a sunkún títí bébà ìnujú fi tán, a fi aṣọ àwọn ọmọ nujú. Ẹnì kan wá ní nígbà tí dókítà ń rán òun lọ́wọ́, ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù pé kí ìyàwó rẹ̀ má fi ata púpọ̀ sí ọbẹ̀. A bú sẹ́rìn-ín, a ń di ibi tí wọ́n ti rán wa mú, a ń bẹ ara wa kí a má pa ara wa lẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọkọ mi wá mú mi. Ó dúró síta. Nọ́ọ̀sì ní kó wọlé, ọkọ mi ní rárá, òun dúpẹ́. Wọ́n ní kó ṣáà wọlé. Wọ́n bi í jẹ́jẹ́ pé, "Bàbá Ìbùkún, níbo lẹ wà lọ́jọ́ yẹn?"

Ó fi ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Ẹ rántí pé oṣù mẹ́ta ni mo ti wà lórí ọ̀rọ̀ mọ́tò nínú ọkàn mi. Ó ní bí wọ́n ṣe ń tì mí lọ, òun sáré tẹ̀ lé wọn, òun rí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀, ibi tí òun mọ̀ ọ́n mọ nìyẹn. Ó ṣubú, ó fi iwájú orí gbá àga. Nọ́ọ̀sì méjì ló gbé e. Wọ́n tẹ́ ẹ sí yàrá kejì, wọ́n fi omi sí i lápá! Àpá tó wà níwájú orí rẹ̀ yẹn, tó sọ fún mi pé ilẹ̀kùn mọ́tò ló gbá òun, ọsibítù ló ti rí i!

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ń sunkún. Ó ní, "Mò ń gbọ́ ẹ, Fúnmi. Gbogbo bí o ṣe ń pè mí ni mò ń gbọ́. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi." Ìyá Ọjọ́rú kan na aṣọ ọmọ rẹ̀ sí i kó fi nujú. Ẹsẹ̀ la fi rin lọ sílé lọ́jọ́ náà. A sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun sọ apá tirẹ̀, èmi sọ apá tèmi, nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà a ò tíì sọ ọ́ tán, la bá yí po, a tún àdúgbò rìn.

Ọmọ náà ńkọ́? Ìfẹ́ rẹ̀ ò dé sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mò ń ká aṣọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n bá mú iná lọ. Mo ní, "Hẹ̀n-ẹ́n! Wọ́n tún ti ṣe é!" Ìbùkún bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gidi, tó ní ikùn nínú! Kò rẹ́rìn-ín rí. Mo tún sọ ọ́, ó tún rín in. Mo sọ ọ́ títí ohùn mi fi há. Nígbà tí iná dé, ẹ̀yin ará, inú mi bà jẹ́! Mo gbé e mọ́ra, mo fi imú sí i lọ́rùn. Mo ní, "Pẹ̀lẹ́ o. Èmi nìyí."

Mi ò sọ pé gbogbo rẹ̀ ti tán pátápátá, torí mi ò fẹ́ wá jẹ́rìí ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ọkàn mi ṣì máa ń já nígbà míì. Ṣùgbọ́n mò ń sùn, mò ń jẹun, mo sì mọ ọmọ mi. Ọlọ́run tó ṣe é, mo gbé E ga. Ìwọ arábìnrin tó bímọ láìpẹ́, tí o ń rẹ́rìn-ín ìdúpẹ́ sí wa látòwúrọ̀, wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. Ọjọ́rú ń bọ̀, a jọ máa lọ ni.

Alhaja wà níbí lónìí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́ bí màá ṣe sọ ọ́. Ìlà ẹ̀yìn ni wọ́n wà, ìbòrí funfun, ẹ juwọ́ sí wọn! Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ìyìnrere, mo ti ń wò yín, ẹ padà sórí àga yín. Ẹ ti fún wọn ní káàdì àlejò, mo ti rí ohun tí wọ́n kọ síbi ìbéèrè àdúrà: "Síìpù àti bọ́tìnì wà."

Ẹ dìde, gbogbo ilé! Ẹni tí Olúwa bá dúró tì rí, kó bá mi yọ̀! Ẹ̀yin akọrin, ẹ gbé orin tó yá, ẹ jẹ́ ká jó o kíákíá, torí Alhaja ti wo aago lẹ́ẹ̀mejì, ìrun ọ̀sán ò sì gbọdọ̀ fò wọ́n. Halelúyà!